Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta ni Ìyá Màmá Nọ́ọ̀sì?

Okun o, ẹ̀yin olóòtú wa. Àwa ọ̀dọ́ ìjọ kan ní Ẹ̀gbẹ́ là ń kọ ìtàn ìgbésí ayé Màmá Nọ́ọ̀sì, òyìnbó Amẹ́ríkà tó gbẹ̀bí fún àwọn ìyá wa. Minnesota ni wọ́n ti bí wọn lọ́dún 1909, àgbẹ̀ tó ṣí wá láti Nọ́wè sì ni bàbá àti ìyá wọn. Nínú ẹrù wọn, a rí ìwé orin èdè Nọ́wè kan tí wọ́n fi yíǹkì kọ «Brit Olsdatter Haugen, f. 3/5 1881» sí inú èèpo rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bertha Olson ni ìwé ìbí Màmá pe ìyá wọn. Ṣé ẹnì kan náà ni? A tẹ Haugen sórí íntánẹ́ẹ̀tì, èrò rẹpẹtẹ ló jáde.

Ó ṣeé ṣe dáadáa pé ẹnì kan náà ni. Ọ̀pọ̀ Brit àti Berit tó dé Amẹ́ríkà ló di Bertha tàbí Betsy, Olsdatter a sì di Olson. Àmọ́ ẹ má tíì kọ ọ́ sínú ìwé yín, nítorí ẹ̀rí kò tíì pé.

Haugen tí ẹ kọ́kọ́ wá ló da iṣẹ́ yín rú. Láyé ìgbà yẹn, orúkọ oko téèyàn ń gbé ni, àìmọye oko ló sì ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ káàkiri Nọ́wè. Bí bàbá bá kó ẹbí rẹ̀ lọ sí oko mìíràn, orúkọ oko tuntun ni àlùfáà yóò kọ, nítorí náà tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lè jẹ́ orúkọ oko ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Olsdatter ló sọ ẹni tó bí i: ọmọbìnrin Ole. Ọmọkùnrin Ole a máa jẹ́ Olsen. Ọdún 1923 ni òfin tó sọ orúkọ ìdílé di dandan jáde. Obìnrin abúlé kì í sì í gba orúkọ ọkọ níbẹ̀, ó di Amẹ́ríkà kó tó gbà á. Ìdí nìyí tí ipasẹ̀ ọmọbìnrin fi ń tètè pòórá. Ẹni tó wọ Kábbà tó ń béèrè Bọ́lá láìmọ agboolé rẹ̀ yóò rìn títí. Ìjọ tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún Brit ni agboolé tẹ̀yin ń wá.

Amẹ́ríkà ni ẹ ó ti rí i, kì í ṣe Nọ́wè. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀fẹ́ ní FamilySearch, ojúlé tí wọ́n ti ń wá ìtàn ìdílé, kí ẹ wo ìwé ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 1910. Màmá yóò wà níbẹ̀ bí ọmọ ọwọ́, ọdún tí òbí kọ̀ọ̀kan wọ Amẹ́ríkà yóò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ wọn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọjọ́ orí tó wà níbẹ̀ jù. Ẹni tí akànìyàn bá nílé ló ń dáhùn, nígbà mìíràn aládùúgbò ni. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ìwé ìjọ Lutheran ní káúńtì (àgbègbè ìjọba ìbílẹ̀) tí wọ́n ń gbé: ìgbéyàwó àwọn òbí àti ìrìbọmi Màmá. Ọ̀pọ̀ àlùfáà ló ń kọ ìjọ tí ìyàwó ti wá ní Nọ́wè. Kódà bí kò bá kọ ọ́, ẹ da orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí ìrìbọmi kọ ní kíkún, torí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò òbí ló sábà ń dúró níbẹ̀, ìwé tiwọn sì lè sọ ohun tí ti Brit kò sọ. Ìkéde òkú nínú ìwé ìròyìn àdúgbò náà wúlò gan-an.

Tí ẹ bá ti mọ ìjọ náà, ó ku Digitalarkivet, ojúlé ilé àkójọ ìwé ìjọba Nọ́wè. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ yan àgbègbè, ẹ yan ìjọ, kí ẹ ṣí ìwé ìrìbọmi 1881. «f.» túmọ̀ sí «wọ́n bí i», ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún sì ni 3/5 lọ́wọ́ ará Nọ́wè. Ará Amẹ́ríkà a máa kọ oṣù ṣáájú, nítorí náà bí ìwé kan níbẹ̀ bá sọ pé oṣù kẹta ni wọ́n bí i, ẹni tó dà á kọ ló ṣì í kà. Ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ìrìbọmi wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lójú ìlà, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Brit lè jẹ́ Brith, Britha tàbí Berit. Ẹ fi àmì ìràwọ̀ * dípò lẹ́tà tí kò dá yín lójú. Å tòde òní, aa ni wọ́n ń kọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ẹ má dúró síbi ìrìbọmi kan ṣoṣo. Brit ọmọ Ole lè ju ẹyọ kan lọ nínú ìjọ kan náà, bí ọmọ bá sì kú, wọ́n sábà ń fi orúkọ rẹ̀ sọ èyí tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, ẹ wo ìwé òkú. Ẹ wo ìwé ìgbà-mọ́-ìjọ ní nǹkan bí 1896, nígbà tí yóò ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ ìbí àti orúkọ òbí tún máa ń wà níbẹ̀. Ẹ wo ìkànìyàn 1900 bí kò bá tíì lọ, ẹ wá wo àkójọ àwọn tó ṣí kúrò nínú ìjọ àti ìwé èbúté. Kristiania tí ẹ ó máa rí níbẹ̀ ni Oslo. 1925 ni wọ́n pa orúkọ dà. Bí ọdún tó kúrò bá bá ọdún tí ìkànìyàn 1910 sọ mu, tí ọjọ́ ìbí náà sì bá ti ìwé orin mu, ẹ lè kọ orúkọ rẹ̀ láìbẹ̀rù.

Kí ló lé àwọn ará Nọ́wè wọ̀nyí kúrò lóko bàbá wọn? Ṣé ọmọbìnrin kò lè jogún ilẹ̀ ni? (Òǹkàwé, Mọ̀pà)

Ilẹ̀ kò tó. Òkè àti igbó ló pọ̀ jù ní Nọ́wè. Ilẹ̀ tó ṣeé ro kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Láti 1854 ni òfin ti fún ọmọbìnrin ní ìpín kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin nínú ogún, ṣùgbọ́n àkọ́bí ọkùnrin ló lẹ́tọ̀ọ́ láti gba oko fúnra rẹ̀. Òfin 1974 ló tó yí ìyẹn padà. Àwọn tó kù a gba owó díẹ̀, wọ́n a sì wá ọ̀nà lọ. Láàárín 1825 àti 1925, ó ju 800,000 ènìyàn tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà.

Òfin ilẹ̀ ọ̀fẹ́ ti 1862 ń dúró dè wọ́n níbẹ̀: 160 éékà, ẹni tó gbà á yóò kọ́ ilé sí i, yóò dáko, yóò sì gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Obìnrin tí kò lọ́kọ, tó ti pé ọdún mọ́kànlélógún, lè gbà á lórúkọ ara rẹ̀, opó náà sì lè gbà á. Nítorí náà, kí àwọn ará Ẹ̀gbẹ́ wá Brit fúnra rẹ̀ àti àwọn arábìnrin rẹ̀ nínú ìwé ilẹ̀, kì í ṣe ọkọ nìkan. Ojúlé glorecords.blm.gov ni wọn ó ti rí nọ́ńbà ìwé àṣẹ ilẹ̀ náà. Nọ́ńbà yẹn ni wọn ó fi béèrè fáìlì kíkún lọ́wọ́ National Archives, ilé àkójọ ìwé ìjọba Amẹ́ríkà. Fáìlì yẹn ló dùn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí: bí ilé ṣe tóbi tó, éékà mélòó ni wọ́n ti túlẹ̀, àti ẹ̀rí bí àlejò ṣe di ọmọ onílẹ̀. Ẹni tó pa ilẹ̀ tì kó tó gba ìwé àṣẹ kò ní sí lórí ojúlé náà, àmọ́ fáìlì tirẹ̀ lè wà.

Mo rí ojú ewé tí mò ń wá, ṣùgbọ́n n kò lè ka ìkọ̀wé rẹ̀. (Òǹkàwé, Ìsánlú)

Ìkọ̀wé àtijọ́ ni, wọ́n ń pè é ní gótíìkì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ tí ẹ ń wá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orúkọ oṣù àti Ole, Hans, Anne tó ń padà wá ní gbogbo ojú ewé, kí ẹ ya bí àlùfáà yẹn ṣe ń kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sórí bébà. Bí yíǹkì bá ti ṣú, ẹ wò ó bóyá ẹ̀dà akọ̀wé ìjọ wà fún ọdún kan náà. Ìwé méjì ni ọ̀pọ̀ ìjọ ń kọ, ìkejì sì lè mọ́ jùyẹn lọ.