Kí ló dé tí violin Beethoven mú mi sunkún?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Olùkọ́. Kétu ni mo ń gbé. Ọmọ mi ní kí n gbọ́ concerto violin tí Beethoven, olórin ará Jámánì ayé àtijọ́, kọ, lórí fóònù òun. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí apá àkọ́kọ́ ń parí lọ, orí mi wú, omijé sì ń dà lójú mi. Bàbá àwọn ọmọ jókòó tì mí, wọn ò tilẹ̀ mira. Ṣé kì í ṣe pé ara mi ni kò yá?

Ìdáhùn: Ara yín yá, ìyá wa. Bí ẹkún bá ń bá a lọ fún ọjọ́ púpọ̀, tí oúnjẹ àti oorun ò wọlé mọ́, ẹ lọ rí dókítà, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ violin. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní violin ní Àjàṣẹ́ níbí, ibẹ̀ gan-an ni omi ti máa ń lé ròrò lójú èmi náà.

Concerto jọ lílé àti ègbè: ẹnì kan ń fi violin lé e, ọ̀kẹ́sítírà, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá àwọn tó ń ta okùn, tó ń fọn fèrè, tó sì ń lùlù, ń gbè é. Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe eléyìí ní 1806, Franz Clement ló sì lé e. Ìlù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: tímpánì nìkan, ó dún jẹ́jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí àwọn fèrè tó wọlé. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ gbé orin tútù kan jáde, tó rọrùn débi pé ọmọdé lè máa hùn ún. Violin ò gbà á kọ tán. Ó ń fò lókè, ó ń ṣe ọ̀ṣọ́ yí orin náà ká. Ó tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 kí gbogbo ẹgbẹ́ tó dákẹ́, tí violin dá sọ̀rọ̀ tirẹ̀. Bó ti parí ìyẹn, ó sọ̀ kalẹ̀ sórí okùn méjì tó nípọn jù, ó wá fi ohùn ìsàlẹ̀ kọ orin yẹn fúnra rẹ̀. Àwọn yòókù kàn ń fi ìka ta okùn lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó sùn. Etí yín ti ń retí rẹ̀ láìmọ̀. Ìgbà tó dé ni omijé bọ́.

Àwọn onímọ̀ ní yunifásítì McGill ní Kánádà rí i ní 2011 pé tí orin bá mú orí ènìyàn wú, ọpọlọ máa ń tú dopamine, èròjà ìdùnnú, jáde: nígbà tí ibi tó dùn ń bọ̀ lọ́nà, àti nígbà tó bá dé. Lójú tèmi, ó tún kù. Bíi ti gòjé, irun ẹṣin ni wọ́n ń fà lórí okùn violin, ohùn rẹ̀ ò sì tètè kú. Ó ń wú, ó ń tín-ín-rín, ó ń gbọ̀n bí ohùn ẹni tí ọ̀rọ̀ ká lára. Àwa tí gángan ti ń kì láti kékeré, etí wa mọ bí a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ nínú ohun tí kò lẹ́nu.

Ní ti bàbá àwọn ọmọ, ẹ má bínú sí wọn. Àlejò tó dé ìdí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orí rẹ̀ lè má wú bíi ti onílé, torí kò tíì mọ orin náà. Fóònù lásán sì máa ń pa ohùn ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni okùn méjì yẹn wà. Ẹ wá èyí tí wọ́n ń kì bọ etí fún wọn, kí wọ́n gbọ́ apá àkọ́kọ́ nìkan ní alẹ́ mẹ́ta. Ẹ má sọ ibi tí ẹ ti sunkún fún wọn. Ẹ kàn ní kí wọ́n fetí sí ìlù mẹ́rin yẹn.