Ta ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀dá orin fún Kronos Quartet?
Ken Benshoof ni, ará Seattle, tí ó ti kọ́ David Harrington ní bí a ṣe ń ṣẹ̀dá orin. Ìlú yẹn náà ni Harrington ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ lọ́dún 1973: àwọn méjì ń ta fayolíìnì, ẹnì kan ń ta fíólà, ẹnì kan yòókù sì ń ta sẹ́lò. Àpò dónọ́ọ̀tì kan ni wọ́n fi san owó iṣẹ́ orin náà, èyí tí mo kà sí ọ̀kan nínú ìtàn tó dùn jù lọ nípa orin òde òní. Nígbà tí wọ́n dé agbègbè San Francisco, wọ́n pàdé Terry Riley, aṣẹ̀dá orin, ọmọ Kalifóníà, ẹni tí kì í fẹ́ kọ orin sórí ìwé mọ́ nígbà náà, wọ́n sì rọ̀ ọ́ títí ó fi tún gbé kálàmù.