Fóònù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tó ní bírò nínú: ṣé kí n rà á àbí kí n fi sílẹ̀?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olótùú wa. Télọ̀ ni mí n'Iléṣà níbí, ṣọ́ọ̀bù mi ò jìnnà sí Èréjà, ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń ránṣọ obìnrin. Ìwé ọmọléèwé ni mo fi ń ya sítáì, inú ẹ̀ náà ni mo ń kọ ìwọ̀n ara àwọn kọ́sítọ́mà sí. Lọ́dún tó kọjá òjò wọ ṣọ́ọ̀bù, ìwé mẹ́ta ló bàjẹ́, mo wá ń pe èèyàn lọ́kọ̀ọ̀kan pé kí wọ́n tún wá kí n wọ̀n wọ́n. Ọmọkùnrin kan tó ń ta fóònù wá fi Samsung Note 9 tòkunbọ̀ hàn mí, bírò tín-ín-rín kan wà nídìí ẹ̀, ó ní mo lè máa fi ya sítáì. Ó tún ní Infinix Note tuntun kan wà tí owó ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ, òun ló tiẹ̀ fẹ̀ jù. Ọkọ mi ní fáàrí lásán ni, pé fóònù tó tó páànù àkàrà, níbo ni mo fẹ́ gbé e sí? Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà, àbí kí n má rà kankan? — Ìyá Télọ̀, Iléṣà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Télọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ ìwé tómi bàjẹ́ yẹn dùn mí gan-an, torí ìwọ̀n ara kọ́sítọ́mà ogún ọdún kì í ṣe nǹkan téèyàn ń tún kọ lọ́jọ́ kan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi lójú ẹsẹ̀. Ẹni tó ti ń fọwọ́ ya nǹkan kí fóònù tó dé ni bírò yìí wà fún, ẹ̀yin sì nìyẹn. Ẹni tí kì í mú bírò lọ́wọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tó jẹ́ pé WhatsApp àti fídíò ló ń wò, ọ̀sẹ̀ méjì ló máa fi ṣeré, bírò ọ̀hún ò ní jáde nínú ihò ẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ó ti sanwó ẹ̀. Mo ti rí i lọ́wọ́ èèyàn tó pọ̀ níbí n'Ífẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ gbé Infinix yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Torí pé "Note" wà lára orúkọ fóònù ò ní kí bírò wà nínú ẹ̀ o, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Infinix ti ṣe èyí tó ní bírò rí lóòótọ́, Note 5 Stylus tó jáde ní 2018 ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú Infinix Note ò ní, Redmi Note náà ò ní. Samsung ló sọ orúkọ yẹn di ńlá ní 2011, nígbà tí Galaxy Note àkọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ojú ìǹṣì 5.3, àwọn èèyàn fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé ta ló máa gbé àwo oúnjẹ sétí, lónìí ìǹṣì 5.3 ti di fóònù kékeré. Lẹ́yìn Note 20 ní 2020 wọn ò ṣe Note mọ́, inú S22 Ultra tó jáde ní 2022 ni wọ́n kó bírò náà lọ, àwọn Ultra tó tẹ̀lé e náà ní in.

Wàyí o, bírò yẹn gan-an. Kì í ṣe igi lásán. Abẹ́ díńgí fóònù ni awẹ́ pẹlẹbẹ kan wà tó ń bá bírò náà sọ̀rọ̀, òun ló ń fún un lágbára, ìdí nìyẹn tí bírò náà ò fi nílò bátìrì kankan láti kọ̀wé tàbí ya nǹkan. NEPA ò kàn án. (Note 9 ní nǹkan kékeré kan tó ń gba iná pamọ́ nínú bírò tiẹ̀ lóòótọ́, ti bọ́tìnì téèyàn lè dúró lọ́ọ̀ọ́kán fi ya fọ́tò ni, tí ìyẹn bá kú, yíyà ò dúró.) Ó tún mọ bẹ́ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, ìpele 4,096 ló mọ̀, tẹ́ ẹ bá rọra fi kan ojú fóònù ilà á tẹ́ẹ́rẹ́, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ilà á nípọn, fún ẹni tó ń ya pílíìtì ara síkẹ́ẹ̀tì, ẹ̀yin náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹ sì lè gbé ọwọ́ yín lé ojú fóònù bẹ́ẹ ṣe ń gbé e lé ìwé, tí bírò bá ti wà nítòsí, fóònù ò ní ka àtẹ́lẹwọ́ sí.

Ibi tí mo rò pé ẹ máa ti jẹ̀gbádùn ẹ̀ jù ni fọ́tò. Kọ́sítọ́mà fi sítáì ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó ní irú èyí ni òun fẹ́, àmọ́ kí ọrùn ẹ̀ má sí sílẹ̀ tó báyìí, kí ọwọ́ ẹ̀ dé ìgúnpá. Ẹ fi bírò ya ọrùn tuntun náà lé fọ́tò lórí, ẹ fà ọwọ́ ẹ̀ wá sí ìgúnpá, ẹ dá a padà fún un kẹ́ ẹ tó fi sísọọ̀sì kan aṣọ. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti fọwọ́ sí i nìyẹn, kò ní wá sọ lọ́jọ́ àríyá pé ohun tóun wí kọ́ nìyí. Ti ìwọ̀n ara náà tún dáa, ẹ fa bírò yọ nígbà tí ojú fóònù ṣì dúdú, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sórí ẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tépù á ṣì wà lọ́rùn yín, ẹ ò ṣí nǹkankan.

Òjò ò ní wọ inú ìyẹn mọ́, ṣùgbọ́n olè lè gbé e, ó sì lè bọ́ sínú gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín kan bá yín so ó mọ́ àkáǹtì Samsung kí gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ máa ní ẹ̀dà níbẹ̀, tí ẹ ò bá ṣe èyí, ẹ má ju ìwé ọmọléèwé yẹn nù.

Ọkọ yín ò sì jẹ̀bi lórí títóbi o. Ojú Note 9 jẹ́ ìǹṣì 6.4, ó wúwo tó gíráàmù 201, ọwọ́ méjì lẹ máa fi tẹ̀ ẹ́, kò ṣeé so mọ́ ìṣẹ́tí ìró, àpò tó jinlẹ̀ ló fẹ́. Eléyìí tó sì máa ń dun èèyàn jù ni tó bá já bọ́. Díńgí ẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ létí méjèèjì, ó yá fọ́, owó tí wọ́n máa gbà láti pààrọ̀ ojú ẹ̀ sì lè fẹ́ẹ̀ tó ìdajì owó tẹ́ ẹ fi rà á. Àwọn kan á ní àwọn ní ojú tówó ẹ̀ kéré, ẹ má gbà, ojú ayédèrú lè máa gbọ́ ìka dáadáa kó má gbọ́ bírò rárá.

Ó tún ti dàgbà. 2018 ló jáde, Android 10 ló dúró sí, kò gba àtúnṣe ààbò tuntun mọ́, bátìrì ẹ̀ tó jẹ́ 4,000 mAh nígbà tó wà ní tuntun ti jẹ lára, ojú tó fẹ̀ sì máa ń mu iná. Tó bá jẹ́ pé orí fóònù yìí náà lẹ fẹ́ máa ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ báńkì yín, ẹ fi owó díẹ̀ kún un kẹ́ ẹ wá S22 Ultra. Tẹ́nì kan bá sì dẹ́rù bà yín pé Note máa ń gbiná, Note 7 nìkan ni, ní 2016, bátìrì ẹ̀ ló ní àléébù, Samsung kó o padà kúrò lọ́jà pátápátá, Note 9 ò sí nínú ọ̀rọ̀ yẹn.

Bí ẹ bá wá dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn, ẹ lóṣòó tì í bí àwọn bàbá wa òṣómàáló ṣe ń lóṣòó ti ẹni tó jẹ wọ́n lówó aṣọ, ẹ má dìde, ẹ má sì sanwó, àfi tẹ́ ẹ bá dán an wò tán. Ẹ fi bírò fa ilà lọ́ra láti igun òkè kan dé igun ìsàlẹ̀ kejì, kẹ́ ẹ fà á lápá kejì, kẹ́ ẹ tún fà á yí etí ẹ̀ po. Tí ilà bá já níbì kan, tó tún bẹ̀rẹ̀ níwájú, awẹ́ abẹ́ díńgí yẹn ti ní àrùn. Ẹ ṣí nǹkan funfun kó gba gbogbo ojú fóònù kẹ́ ẹ wò ó bóyá òjìji lẹ́tà kíbọ́ọ̀dù ti jóná mọ́ ọn lójú. Ẹ fa bírò jáde kẹ́ ẹ tì í wọlé lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó gbọ́dọ̀ ró kọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá sì fẹ́ fún yín ní pọ́ọ̀sì oníbò tó ní mágínẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ̀ ọ́, mágínẹ́ẹ̀tì máa ń da bírò láàmú, ẹ máa rò pé fóònù ló bàjẹ́.

Bírò yẹn, ẹ tọ́jú ẹ̀ bí abẹ́rẹ́ máṣíìnì. Tèmi bọ́ ní Lágéré lọ́jọ́ kan tí mo wà lórí ọ̀kadà tí mo fẹ́ kọ nọ́ńbà sílẹ̀, n ò rí i mọ́. Mo ra òmíràn ní ṣọ́ọ̀bù kan, ó wọ ihò wẹ́kú, àwọ̀ ẹ̀ bára mu, ṣùgbọ́n rọ́bà òfìfo ni, kò kọ àmì kan ṣoṣo, ó lé lọ́sẹ̀ méjì kí n tó rí ojúlówó, gbogbo iṣẹ́ mi ló dúró. Ẹ jẹ́ kí ó yé àwọn ọmọṣẹ́ yín pé bírò náà ò gbọdọ̀ kúrò lórí tábìlì ìgé aṣọ.

Tó bá yege gbogbo ìdánwò yìí, ẹ rà á.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ ǹlẹ́ o. OAU ni mo wà, Yorùbá ni mò ń kà, mo wà ní 200 level. Fóònù mi fẹ̀, ìǹṣì 6.7 ni, kò ní bírò. Mo rí bírò olórí rọ́bà kan lọ́nà Màyàfíà, ó pọ́ọ́kú. Ṣé mo lè fi máa kọ nótì sórí PDF tí wọ́n ń fún wa? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ó máa kọ, àmọ́ bí ìka rẹ ló ṣe máa kọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóònù rẹ ò mọ̀ pé bírò ni, ìka kan tó tutù díẹ̀ ló rò pé ó jẹ́, tó o bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e, ìyẹn náà á kọ tiẹ̀. Orí rọ́bà yẹn sì tóbi, ó máa bo ibi tó o ń kọ gan-an, ìwọ tó o fẹ́ fi àmì sórí àti sábẹ́ lẹ́tà, tó o fẹ́ ya "ọ̀kọ̀" sọ́tọ̀ kúrò lára "ọkọ̀" àti "ọkọ́", wàhálà lo máa kó sí. Bírò gidi lẹ́wà púpọ̀ fún iṣẹ́ tìrẹ yìí, mi ò ní purọ́, kò sí ohun tó dùn bíi kéèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ fi àmì ohùn sí ewì lórí PDF láìwá bọ́tìnì kiri. Ṣùgbọ́n má ta fóònù rẹ nítorí ẹ̀. Tó bá jẹ́ títẹ̀ ni, Gboard ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni. Tó bá jẹ́ kíkọ ni, kọ ọ́ sínú ìwé kó o yà á ní fọ́tò. Bí owó bá wá yọ lọ́jọ́ iwájú, wá Samsung Tab S6 Lite tòkunbọ̀, ìǹṣì 10.4 ni, bírò ẹ̀ máa ń bá a wá nínú páálí, rí i pé ó wà níbẹ̀ kó o tó sanwó. Apple Pencil kì í ṣiṣẹ́ lórí iPhone o, iPad nìkan ni, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ọ.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá mi lé láàádọ́rin ọdún, àgbẹ̀ kòkó ni wọ́n ní Mọdákẹ́kẹ́. Wọ́n ní lẹ́tà inú fóònù àwọn kéré jù, tí wọ́n bá tún tẹ̀ ẹ́ kì í dáhùn. Ṣé fóònù oníbírò ló yẹ wọ́n? — Ọmọ Àgbẹ̀.

ÌDÁHÙN: Rárá o, owó yẹn pọ̀ jù fún ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ wọ inú Settings kẹ́ ẹ fi kún bí lẹ́tà ṣe tóbi, ó lè jẹ́ pé ìyẹn nìkan á ti tó, tí kò bá tó, fóònù aláìníbírò tó fẹ̀ ni kẹ́ ẹ rà. Ti pé kì í dáhùn, àtẹ́lẹwọ́ tó ti fi àdá àti ọkọ́ ṣiṣẹ́ láti kékeré máa ń le, ó sì máa ń gbẹ, ojú fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ irú ìka bẹ́ẹ̀, kì í ṣe pé bàbá ò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Bírò olórí rọ́bà tí mo ní kí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn fi sílẹ̀, òun gan-an ló máa wúlò fún wọn. Ẹ fi okùn so ó mọ́ pọ́ọ̀sì fóònù náà kó má baà sọ nù sóko, kẹ́ ẹ sì bá wa kí wọn.