Àdìrẹ fún Ìyá Àgbà Tó Kọ Owó Orí

Ìbéèrè: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Aláró ni ìyá tó bí bàbá mi ní Ìtòkú, wọ́n sì wà lára àwọn obìnrin Ẹ̀gbá tó lọ sí ààfin Aláké ní ọdún 1947 láti kọ owó orí. Mo fẹ́ ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ, aṣọ tí a fi ẹ̀kọ ya àwòrán sí kí aró má baà mú ibẹ̀, ní ìrántí wọn, ṣùgbọ́n a kò ní fọ́tò wọn. Ṣé kí n ya ojú Ìyáàfin Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dípò tiwọn, kí n sì ya ìyà tí àwọn agbowó-orí fi jẹ obìnrin nígbà náà?
Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ojú ẹlòmíràn rọ́pò ojú ìyá àgbà. Ìyáàfin Ransome-Kuti ló ṣíwájú ẹgbẹ́ àwọn obìnrin náà, ọlá wọn kò sì ní paré láé, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ìwé ìtàn kò dárúkọ ni ìyá àgbà wà láàárín wọn, àwọn ni aṣọ yìí sì wà fún.

Ní ti ìyà, òótọ́ ni pé ọmọbìnrin ọdún 15 ti ń san owó orí, àwọn obìnrin sì fẹjọ́ sùn pé àwọn agbowó-orí a máa tú aṣọ lára ọmọ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ó ti tó sanwó. Ó yẹ kí ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ yín, ṣùgbọ́n ní tèmi, kò yẹ lára aṣọ tí wọn yóò ró lọ òde. Ohun tí ìyá àgbà ṣe ni kí ẹ yà: wọ́n jáde, wọ́n sì dúró títí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní ọdún 1949.

Páànù tí a gé ni kí ẹ lò, bí wọ́n ti ń ṣe é ní Abẹ́òkúta láti ìgbà pípẹ́. Páànù kò rọrùn fún ojú ènìyàn, nítorí gbogbo ibi tí ẹ kò bá gé gbọ́dọ̀ so mọ́ ara wọn kí ó má baà já bọ́. Ṣùgbọ́n yóò gbé obìnrin tó wé gèlè, tó dúró ti ìkòkò aró, dáadáa. Bí ẹ bá ń tẹ páànù kan ṣoṣo náà léraléra, tí ẹ ń fi ẹ̀kọ láfún kùn ún, obìnrin kan á di ogunlọ́gọ̀ lórí aṣọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pọ̀ tó níwájú ààfin. Nígbà náà ni kí ẹ wá fi ìyẹ́ adìyẹ kọ orúkọ àti oríkì ìyá àgbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn. Ní ọdún 1935, àdìrẹ ni wọ́n fi ya ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì pe aṣọ náà ní Olóba. Kí ló dé tí aláró fúnra rẹ̀ kò ní wà níbẹ̀?

Ẹ pe àwọn àgbà ilé yín kí wọ́n wo oríkì náà lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó ri aṣọ sínú aró, nítorí bí aró bá ti mú un tán, kò sí àtúnṣe mọ́.