Ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò: kí ló dé tó fi jẹ́ méjì?

Ẹnì kan ló bi mí ní ìbéèrè yìí nípa ìwúre wa; ó ní wọ́n wàásù fún àwọn pé ewéko méjì yìí ni Nóà kọ́kọ́ rí nígbà tí ìkún-omi fà, pé ìdí tí a fi ń fi wọ́n wúre nìyẹn. Ẹ má gbà á gbọ́ o. Ewé ólífì ni àdàbà já bọ̀ nínú Jẹ́nẹ́sísì orí 8. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀tá àwọn méjèèjì ni omi iyọ̀. Bí òkun bá bo ilẹ̀, àwọn ni ì bá kọ́kọ́ kú.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà lékè ló yàtọ̀. Gbòǹgbò ojú oró kò kan ilẹ̀. Ẹ lọ sí etí ọ̀sà ní Ìwòpin, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ rì, kí ẹ sì tú u sílẹ̀: á ta sókè padà, ewé rẹ̀ á gbẹ bí ẹni pé omi ò kàn án, nítorí irun wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ há afẹ́fẹ́ mọ́ra. Omi kún, ó bá a gòkè; omi fà, ó bá a sọ̀. Àmọ́ ibi tí ìṣàn bá ń lọ lòun náà ń lọ.

Òṣíbàtà ní ìdí nínú ẹrẹ̀. Ẹ gé ọ̀pá ewé rẹ̀ níbùú, ẹ ó rí àwọn ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ìsàlẹ̀. Bí omi bá ń kún díẹ̀díẹ̀, ọ̀pá yẹn á máa gùn tẹ̀lé e. Bó bá kún lójijì, ewé á rì, á jẹrà, iṣu inú ẹrẹ̀ á sì tún hu òmíràn. Lójú tèmi, ìyẹn ni wọ́n ṣe pe omi lọ́tọ̀, tí wọ́n pe odò lọ́tọ̀: odò ní ìsàlẹ̀ tí ìdí lè dì mú. Ẹ̀bẹ̀ méjì ni: kí ìṣòro má rì wá, kó má sì fà wá tu kúrò nílé. Ó dùn mí pé ìlàjì àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n ń pariwo lóde ìnáwó báyìí.

Ká padà sí ìkún-omi Nóà. Ti irúgbìn ilẹ̀, Charles Darwin, onímọ̀ ìṣẹ̀dá ará Gẹ̀ẹ́sì, rẹ oríṣi 87 sínú omi iyọ̀: 64 ṣì hù lẹ́yìn ọjọ́ 28 nínú omi náà, ìwọ̀nba díẹ̀ ló la ọjọ́ 137 já. Ọjọ́ 150 sì ni Jẹ́nẹ́sísì ní omi fi bo ilẹ̀.

Ẹ̀gẹ́ kò lè gbìyànjú ẹ̀ rárá. Ọjọ́ mélòó kan lábẹ́ omi, ó ti rà. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáko ní àkùrọ̀, ẹ tu ú kí omi Sẹ̀tẹ́ńbà tó dé, kí ẹ gbé igi rẹ̀ nàró sábẹ́ ibòji lórí ilẹ̀ gíga, láìgé e wẹ́wẹ́. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbìn ín ni kí ẹ tó gé e, kí ojú (ibi tí ọ̀mùnú ti ń yọ) márùn-ún sí méje wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan.