Ṣé odù tó hù fúnra rẹ̀ lẹ́yìnkùlé ṣeé jẹ?

Ẹ ní odù hù lẹ́yìn ilé yín ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè fi se ọbẹ̀. Ewé rẹ̀ ṣeé jẹ, bó bá ṣáà ti jẹ́ odù lóòótọ́. Òdòdó odù kéré, ó funfun, ó rí bí ìràwọ̀ oníka márùn-ún, àárín rẹ̀ sì pọ́n rúsúrúsú. Èso rẹ̀ máa ń so pọ̀ ní ṣùṣù, kékeré róbótó. Bí òdòdó bá gùn bíi fèrè, tí èso sì ní ẹ̀gún lára, gegemu nìyẹn. Ẹ má jẹ ẹ́ rárá.

Èso odù tí kò tíì pọ́n ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù jù. Májèlé solanine wà nínú rẹ̀, iná kì í sì tètè pa á. Inú omi ló máa ń jáde sí. Nítorí náà, ọ̀jẹ̀lẹ́ ewé ni kí ẹ já, kí ó tó so. Ẹ ṣa gbogbo èso kúrò, ẹ bọ ewé náà nínú omi púpọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì da omi náà nù. Ẹ má fi omi náà se ọbẹ̀. Bí ó bá ṣì korò gan-an lẹ́yìn èyí, ẹ dà á nù.

Èyí tó hù níbi tí wọ́n ti fọ́n oògùn apakoríko, ẹ fi sílẹ̀.

Bí ọmọdé bá jẹ èso tútù, tí inú ń run ún tàbí tó ń bì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ẹ sì mú ẹ̀ka igi náà dání.