Ṣé àwọn obìnrin tó pe ẹjọ́ Madrigal v. Quilligan jàre?

Rárá, wọn ò jàre: ní 1978, Adájọ́ Jesse Curtis ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Los Angeles, Amẹ́ríkà, dá àwọn dókítà tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé wọ́n sọ àwọn obìnrin náà di àgàn láìgba ìyọ̀ǹda wọn láre, ó ní àìgbọ́ra-ẹni-yé ló fa ọ̀rọ̀ náà.

Obìnrin 10 ló pẹjọ́ ní 1975, ọmọ ìran Mẹ́síkò ni gbogbo wọn. Ọsibítù ìjọba Los Angeles County-USC ni wọ́n lọ bímọ sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọn ò fi ní lè bímọ mọ́ fún wọn. Inú ìrọbí ni àwọn kan wà tí wọ́n fi ní kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ Sípáníìṣì ni wọ́n ń sọ. Àwọn mìíràn ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti ṣe é fún wọn. Antonia Hernández wà lára agbẹjọ́rò wọn, Comisión Femenil Mexicana Nacional, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọmọ ìran Mẹ́síkò, sì dúró tì wọ́n.

Ẹjọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ ò lọ lásán. Ní 1979, ìpínlẹ̀ Kalifọ́níà fagi lé òfin àtijọ́ rẹ̀ tó fàyè gba sísọ èèyàn di àgàn láìgba ìyọ̀ǹda wọn. Àwọn ará Puerto Rico náà ń jà lórí irú iṣẹ́ abẹ yìí ní New York, Dókítà Helen Rodríguez Trías sì wà níwájú níbẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 1978 ní kí ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ náà fún ti pé ọdún 21, kí wọ́n sì dúró fún ọjọ́ 30 lẹ́yìn tó bá fọwọ́ sí ìwé.

Iṣẹ́ abẹ tí owó ìjọba àpapọ̀ bá wọ̀ nìkan ni ìlànà yìí dè, wákàtí 72 sì tó bí ọmọ bá dé ṣáájú oṣù rẹ̀.